Atọ́ka àti Ikebe Super: Ìwé Tó Ń Kó Èrò Jọ Sídìí Tábìlì Fẹ́ńdọ̀!

Kí fídíò tóó gbòde, kí fóònù tóó dọwọ́ tẹrú-tọmọ, inú ìwé làwọn èèyàn ti ń wo eré o! Kì í ṣe àsọdùn. Ẹni tó bá gbọ́njú ní Ìkìrun, Inísà tàbí Òkukù láàárín ọdún 1970 sí 1985, bó bá gbọ́ orúkọ Atọ́ka, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Ìwé ọ̀hún ló ń mú kí òṣìṣẹ́ tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ dúró nídìí tábìlì fẹ́ńdọ̀.

Ọdún 1967 ni Atọ́ka bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ West African Book Publishers l'Ékòó ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde, Ṣẹ́gun Ṣófọ̀wọ̀tẹ̀ ló sì wà nídìí iṣẹ́ náà níbẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣèré yóò múra bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sórí ìtàgé, wọn yóò ṣe eré, oníkámẹ́rà yóò sì máa ya wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò to fọ́tò náà tẹ̀léra, tí wọn yóò kọ ohun tí kálukú ń sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló nírú ẹ̀. Ní Ítálì, láti 1947 ni wọ́n ti ń ta irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dùn nínú ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àkọ́kọ́, Yorùbá tó yéni ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tí kò ju ìwé mẹ́fà lọ á kà á, ẹni tí kò sì lè kàwé á máa wo fọ́tò, ọmọ ilé á máa kà á sí i létí. Èkejì, wọn kì í sọ ìtàn tán lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ìyàwó bá ti fẹ́ da májèlé sọ́bẹ̀ gan-an ni wọ́n máa dá a dúró, ó di ìwé tó ń bọ̀! Ẹni kan á rà á, èèyàn mẹ́wàá á kà á. Àwọn tí kò lówó á dúró sídìí tábìlì, wọ́n á máa ṣí i wò, àwọn tí wọ́n ń pè ní fírì rídà nìyẹn.

Ní 1976 ni Wálé Adénúgà gbé Ikebe Super jáde. Yíyà ni wọ́n ń ya tiẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Níbẹ̀ làwọn èèyàn ti mọ Papa Ajasco, Boy Alinco àti Pa Jimoh, kí wọ́n tóó di ará orí tẹlifíṣọ̀n.

Ṣùgbọ́n nǹkan yí padà. Lẹ́yìn tí ìjọba mú ètò SAP dé ní 1986, náírà wálẹ̀, bébà àti yíǹkì tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Bí fídíò ṣe dé nìyẹn, táwọn òṣèré kọjú síbẹ̀. Kò sí Atọ́ka lórí tábìlì fẹ́ńdọ̀ mọ́ lónìí.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá di ti ẹkún nìyí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alárìnjò kì í kọ eré wọn sílẹ̀. Karin Barber, òyìnbó tó gbé ní Òkukù tó sì gbọ́ Yorùbá bí ọmọ onílẹ̀, bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo kiri, ó sì kọ ìwé nípa wọn ní ọdún 2000, ọdún tí Adéjọbí kú gan-an. Ó ṣàlàyé pé ìtàn ni ọ̀gá máa ń sọ fáwọn òṣèré, ẹnu kálukú ló kù tó máa fi wá ọ̀rọ̀. Òwe tí wọ́n pa lónìí lè má jẹ́ èyí tí wọ́n máa pa lọ́la. Bí eré bá parí, ọ̀rọ̀ ti bá atẹ́gùn lọ.

Lóòótọ́, àyè inú fọ́tò kéré, kò lè gba gbogbo ohun tí wọ́n sọ lórí ìtàgé. Síbẹ̀, ojú òṣèré wà níbẹ̀, aṣọ wọn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Eré mìíràn wà tó jẹ́ pé àfi inú ìwé bẹ́ẹ̀ ló kù sí.

Ìwé yìí kan náà ni wọ́n fi ń pọ́n àkàrà àti ẹ̀pà! Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń palẹ̀ yàrá bàbá wọn mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, tí wọ́n á da ìwé àtijọ́ síná láìṣí i wò. Bẹ́ẹ̀, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà kan l'Ókukù níbẹ̀, kò sì jìnnà s'Íkìrun. Bí wọ́n bá yọ̀ǹda àyè kan nílé ìkàwé wọn fún irú ìwé yìí, àwọn tó ní in nílé á ríbi gbé e lọ. Kẹ́ ẹ tóó sun ẹrù bàbá, ẹ yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eré Adéjọbí lẹ fẹ́ẹ́ sọ síná!