Owó Tí Kì Í Bá Olówó Rẹ̀ Wálé

Ìnáwó òkú àgbà kan ló gbé wa dé Ìyìn-Èkìtì, ìlú tí kò jìnnà sí Adó. Ijó ṣì ń lọ lábẹ́ àtíbàbà nígbà tí àbíkẹ́yìn olóògbé dìde pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Èkó lọ́wọ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ òfurufú ń dúró de òun. Ọkùnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba ibẹ̀ sì ń san owó àìlera fún un. Ìyàwó rẹ̀ na fóònù rẹ̀ sí wa, ó ti fi àwọ̀ pupa yí ọjọ́ kan ká lórí kàlẹ́ńdà. Ó ní bí ọkọ òun bá kọjá ọjọ́ yẹn ní Nàìjíríà, owó dúró nìyẹn.

Bàbá kan tó jókòó tì mí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, mi orí. Ó ní, "Ìwọ oníwèé ìròyìn yìí, bá mi wádìí ẹ̀. Irú owó wo ni wọ́n ń fún èèyàn tí wọ́n tún ń ka ọjọ́ tó máa lò nílé bàbá ẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin náà wí. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó ń gba owó àìlera tí wọ́n ń pè ní PIP lè wà lẹ́yìn odi fún ọ̀sẹ̀ 13 kí owó náà tó dúró. Bó bá jẹ́ ìtọ́jú àìsàn ló gbé e lọ, ọ̀sẹ̀ 26 ni. Bó bá ti hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé yóò ju ọ̀sẹ̀ 52 lọ kó tó padà, kò tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀sẹ̀ kankan. Ní Amẹ́ríkà, owó SSI, tí wọ́n ń san fún arúgbó, afọ́jú àti aláàbọ̀ ara tí kò ní nǹkan lọ títí, máa ń dúró bí ẹni náà bá fi ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko sí lẹ́yìn odi. Bó bá sì padà dé, ó gbọ́dọ̀ lo ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn níbẹ̀ kí owó tó tún máa wọlé. Ti Ọsirélíà ló le jù: láti January 2015, ọjọ́ 28 péré ni wọ́n fàyè gbà láàárín oṣù méjìlá. Àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́, tó fẹ́ lọ kú sáàárín àwọn ẹbí rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé ìbéèrè bàbá náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ibẹ̀ di ilé ẹjọ́. Akọ̀wé kóòtù kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ọmọ ogun wa tó bá Gẹ̀ẹ́sì jà ní Bóma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló fa gbogbo rẹ̀. Ogun parí, àwọn tí ìbọn ba ẹsẹ̀ wọn jẹ́ padà sí abúlé, wọ́n jókòó sídìí iyán, owó ọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń wá bá wọn níbẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ló sú Òyìnbó tí wọ́n fi ṣòfin. Ẹlẹ́rìí tó pè ni Isaac Fadoyebo, "ọmọ Èmùré tiwa yìí."

Ìyá kan láti apá Ọ̀wọ̀ kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Èmùré wo? Èmùré-Ilé lọ́dọ̀ wa ni, kì í ṣe Èmùré-Èkìtì. Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ o!" Bí wọ́n ṣe gbàgbé òfin nìyẹn, tí wọ́n gbájú mọ́ ta ló ni Fadoyebo. Wọ́n kó ìtàn bí ìlú méjèèjì ṣe jẹ́ ìbátan jáde, wọ́n pe ẹlẹ́rìí láti tábìlì kejì. Ìyá náà ló jàre. Ọmọ Èmùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni Fadoyebo. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942 láìsọ fáwọn òbí rẹ̀. Nínú oṣù Kẹta 1944, létí odò Kaladan ní Bóma, àwọn ọmọ ogun Japan rọ̀jò ìbọn lu ẹgbẹ́ ìṣègùn tó bá lọ, wọ́n sì fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sẹ́ríà Líónì, wà nínú igbó ọ̀tá fún bí oṣù mẹ́sàn-án. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló fi wọ́n pamọ́, tó sì ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Fadoyebo padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé tó jáde ní 1999. Ní 2011 ni akọ̀ròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Shuyiman. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fadoyebo dágbére fáyé.

Ìtàn tó dùn gbọ́ ni, àmọ́ kò ran ẹjọ́ akọ̀wé kóòtù lọ́wọ́. Láti 1916 tí Gẹ̀ẹ́sì ti dá iléeṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún owó àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, ìran owó yẹn kò jọ èyí tí à ń wí. Títí dòní, ẹni tó ń gba owó ọgbẹ́ ogun lọ́dọ̀ wọn lè máa gbé níbikíbi láyé, owó rẹ̀ yóò bá a níbẹ̀. Bákan náà ni ti òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe òfin rẹ̀ ní 1946. Kò sẹ́ni tó ń ka ọjọ́ fún un.

Nọ́ọ̀sì kan tó wá fún ìsinmi láti Manchester ní tirẹ̀ sọ pé jìbìtì àwọn ọmọ Nàìjíríà ló bà á jẹ́, pé àwọn kan ń gba owó arọ lókè òkun, wọ́n sì ń ru búlọ́ọ̀kù nílé. Ọ̀pọ̀ ló mirí sí èyí, nítorí a fẹ́ràn ká máa ta ara wa lẹ́gàn. Ṣùgbọ́n ọdún kò bára mu. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ ará Èkìtì tó wà lókè òkun ṣì jẹ́ ọmọ iléèwé tó lọ gba dìgírì, irú òfin yìí ti wà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ń wá ẹni tí wọ́n máa fi jìbìtì kàn, ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ mú: nínú oṣù Kẹrin 1978, ọlọ́pàá ya wọ ilé àwọn ará Gíríìsì ní Sydney, wọ́n ní wọ́n fi àìsàn irọ́ gba owó aláàbọ̀ ara. Ẹjọ́ náà fà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbẹ̀yìn ó tú ká mọ́ ìjọba lọ́wọ́.

Ti Amẹ́ríkà ni mo gbádùn jù láti kà, nítorí ó dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣòfin SSI, January 1974 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbèdéke ọgbọ̀n ọjọ́ sì ti wà nínú rẹ̀. Nínú oṣù Keje ọdún 1974 yẹn gan-an, obìnrin aláàbọ̀ ara kan láti California, ọmọ Amẹ́ríkà pátápátá, lọ sí Mẹ́síkò. Àìsàn dá a dúró síbẹ̀, kò lè padà títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tó dé, kò rí owó oṣù Kẹjọ, kò rí ti oṣù Kẹsàn-án. Ó gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, ó ní ẹ̀tọ́ òun ni láti rìnrìn àjò. Ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ dá a láre. Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nínú oṣù Kejìlá 1978 ni ìdájọ́ Califano, tó dúró fún ìjọba, àti Aznavorian, obìnrin náà, sì jáde: obìnrin náà fìdí rẹmi. Àwọn adájọ́ ní kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà Mẹ́síkò. Wọ́n ní àwọn aṣòfin lè ti pinnu pé àwọn tó nílò owó náà nílẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan làwọn fẹ́ san án fún.

Nínú ìdájọ́ yìí ni mo ti rí orísun òfin náà. Owó méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí èèyàn fi òógùn tàbí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ san sílẹ̀. Ìkejì ni èyí tí ìlú dá jọ láti fi ràn án lọ́wọ́. Èyí tó fi òógùn san ń bá a rìn. Ní Amẹ́ríkà kan náà, owó àìlera tí wọ́n ń yọ láti inú owó oṣù òṣìṣẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956, lè bá ọmọ orílẹ̀-èdè náà dé Òkèṣà tàbí Ajílọ́sùn. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè ni wọ́n sábà máa ń dá tirẹ̀ dúró lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Owó ìrànwọ́ ìlú ní tirẹ̀ dà bí iyán tí wọ́n gún sílẹ̀ fún ará ilé: ẹni tó wà nílé ló ń bù ú jẹ, wọn kì í dì í dání fún ẹni tó lọ sájò.

Gẹ̀ẹ́sì ti ń ronú bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní 1662, wọ́n ṣòfin tó jẹ́ kí àdúgbò ìjọ kọ̀ọ̀kan lè lé tálákà padà síbi tó ti wá, kó má baà jẹ wọ́n lówó. Nígbà tí wọ́n ṣòfin owó arúgbó ní 1908, ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ẹni tó bá ti pé 70 ọdún, ó gbọ́dọ̀ ti gbé ìlú náà fún ogún ọdún, pósítọ́fíìsì ni wọ́n sì ti ń gbà á. Owó ìtọ́jú aláàbọ̀ ara dé ní 1971, owó àìlera tí wọ́n ń pè ní DLA tẹ̀ lé e ní 1992, PIP sì dé ní 2013. Oṣù Kẹrin ọdún yẹn ni wọ́n fún okùn náà pọ̀: ọ̀sẹ̀ 26 tí wọ́n ń gbà fún èèyàn tẹ́lẹ̀ di 13, ẹni tó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́dọ̀ ti lo ọ̀sẹ̀ 104 nínú 156 nílùú wọn, nígbà tó jẹ́ pé 26 nínú 52 ló tó tẹ́lẹ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì tí èèyàn fi òógùn san pàápàá kò bọ́ pátápátá. Ti Ìlú Ọba ń wá sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kì í lé sí i. Iye tó jẹ́ nígbà tí olówó rẹ̀ kó padà wá sí Ìgèdè tàbí Ìwòròkò ni yóò máa jẹ́, bí gbogbo nǹkan tilẹ̀ gbówó lórí. Àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù. Wọ́n pàdánù ní 2010.

Kí a tó bú Òyìnbó, ẹ jẹ́ ká wo ilé. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí nínú oṣù Kìíní 2019 de ìyàsọ́tọ̀ sí aláàbọ̀ ara, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kò ya owó oṣooṣù kankan sọ́tọ̀. Èkìtì níbí gbìyànjú fún àwọn arúgbó: ní 2011, ìjọba Kayode Fayemi bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn kan tó ti lé ní 65 ọdún. Ìjọba yí padà ní 2014, owó náà sì dúró. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó padà wá, tó ń jẹ́ Owó Arúgbó. Arúgbó wa kò kúrò ní Adó rárá, síbẹ̀ owó rẹ̀ dúró. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀ tó wà lábẹ́ PTAD, àjọ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì wọn, náà sì ń jẹ́rìí pé òun ṣì wà láàyè. Wọ́n ti gbé ìyẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Mo rí bàbá kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Òkèyìnmí tó ṣí fìlà, tó nu ojú rẹ̀ nù, tó sì tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó. Ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ní, "Bàbá, ẹ má rẹ́rìn-ín o, kò ní dá yín mọ̀."

Àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní láyé ìgbà tiwọn, ẹni tí àìlera bá dé bá lẹ́yìn odi, ilé ni wọ́n máa ń gbé e wá, ẹbí á gba ìtọ́jú rẹ̀ ṣe, kò sì sẹ́ni tó ń ka ọjọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí ní gbogbo ilé, bóyá kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wo déètì bẹ́nífíìtì kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìsìnkú, ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò sì ní bàbá aláìlera kan tí wọ́n lè gbà bí owó rẹ̀ bá dúró. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òfin àwọn onílùú kò mọ òwe yẹn, ṣùgbọ́n àwa tó mọ̀ ọ́n ńkọ́?

Bí a bá bọ́jú, bí a bá bọ́mú, ìsàlẹ̀ àgbọ̀n là ń parí rẹ̀ sí. Ẹni tó bá ń gba PIP, tó sì fẹ́ kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn odi, gbọ́dọ̀ sọ fún iléeṣẹ́ tó ń san án. Bí ìtọ́jú ló bá ń bá lọ, kó tọ́jú ìwé dókítà. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà ní láti mọ̀ bóyá SSI ni òun ń gbà tàbí èyí tí wọ́n yọ lówó oṣù òun, nítorí òfin wọn kò dọ́gba. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá dé Adó.