Ọ̀nà Àbájáde Nígbà Iná

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òtítọ́ ni, fún ilé. Ọjà Akẹ̀sán tí ó wà nítòsí ààfin ní Ọ̀yọ́ jóná ní oṣù Kíní ọdún 2020. Ọjà púpọ̀ ṣòfò, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ tún un kọ́. Ènìyàn tí iná bá pa kò ní àtúnkọ́.

Agbo ilé àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ a máa ní ẹnu ọ̀nà ńlá kan. Ohun tí ó dènà ọ̀tá lè sé onílé mọ́ inú iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin ojú fèrèsé lónìí. Nítorí náà, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjì. Èéfín a máa pani ṣáájú ọwọ́ iná; òkè ni ó ń gbà, kí ẹni tí ń sá fún un rákò.

Ní gbọ̀ngàn àti ilé ẹ̀kọ́, kí ilẹ̀kùn máa ṣí síta, nítorí èrò tí ń ti ara wọn kò lè fà á sínú. Kí wọ́n péjọ sí ibi kan, kí a ka orí wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà padà lọ wá ẹni tí ó ti jáde.

Ọjọ́ tí iná bá sọ kọ́ ni à ń wá kọ́kọ́rọ́.