Rọ́bà Ìtọ̀ Tó Pẹ́ Lára

Aláìsàn ti lo ọjọ́ mẹ́rin lórí bẹ́ẹ̀dì. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ìtọ̀ inú àpò tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì sì dà bí omidùn. Ní Ladjifarani ní orílẹ̀-èdè Benin, bíi ti àwọn àdúgbò Parakou yòókù tó ń gbé àìsàn tó le lọ sí ilé ìwòsàn CHUD Borgou, àpò ẹbí ni owó oògùn sábà ti ń jáde, oògùn tó lágbára jù ni ẹbí sì máa ń béèrè. Lójú tèmi, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: kí ni rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ yẹn ṣì ń ṣe lára rẹ̀?

Lọ́dún 1885 ni Theodor Escherich, dókítà ọmọ Jámánì, ṣàpèjúwe kòkòrò tí a wá fi orúkọ rẹ̀ pè, E. coli. Ìfun ni ilé rẹ̀, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í sì í ṣe wá ní nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tó bá ṣìnà dé àpò ìtọ̀ ni wàhálà dé. Nínú ara tó dá ṣáṣá, ìtọ̀ tó ń tú jáde a máa gbá kòkòrò dànù. Rọ́bà gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ara, ó sì tún la ọ̀nà fún kòkòrò láti ìta. Bí inú àmù tí a kò fọ̀ ṣe ń yọ̀ bọ̀rọ́, bẹ́ẹ̀ ni inú rọ́bà náà ń yọ̀: kòkòrò ló hun ìyọ̀ yẹn bo ara wọn. Oògùn a pa àwọn tó wà nínú ìtọ̀, àwọn tó sá sábẹ́ ìyọ̀ a kù. Ojoojúmọ́ tí rọ́bà bá fi wà lára, ewu kí kòkòrò gba ibẹ̀ wọlé ń fi nǹkan bíi mẹ́ta sí méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Àwọn kòkòrò tó yè lọ́wọ́ oògùn ló ń bímọ, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń fún ara wọn ní ọgbọ́n tí wọ́n fi yè. Àwọn kan ti ní ohun tó ń gé ceftriaxone, abẹ́rẹ́ tí a mọ̀ bí ẹni mowó, sí wẹ́wẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé àwọn kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́, lóríṣiríṣi, pa ènìyàn 1,270,000 ní àgbáyé lọ́dún 2019, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì wúwo lé jù.

Àwọn kan á ní àwọn tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló fà á. Òótọ́ wà níbẹ̀. Kò ṣẹ̀yìn èyí tí ìjọba Benin fi kọlu ọjà oògùn Adjégounlè ní Kútọnu lọ́dún 2017. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà kì í dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ tó fi abọ́ kan ṣoṣo da ìtọ̀ aláìsàn méjì nù, tí kò fọ̀ láàárín wọn, ló ń gbé kòkòrò kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gbé àpò ìtọ̀ lé àyà aláìsàn nígbà tí wọ́n ń tì í lọ ya fọ́tò inú ara: ìtọ̀ á ṣàn padà sínú.

Ẹlòmíràn á ní àyẹ̀wò ìtọ̀ ń gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹni tó ń kú lọ kò sì lè dúró. Kò gbọ́dọ̀ dúró. Kí wọ́n gba ìtọ̀ ná, láti ara rọ́bà tuntun, kì í ṣe láti inú àpò. Kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ bí èsì bá ní òmíràn ló yẹ. Àmọ́ ìtọ̀ tó dà bí omidùn nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹni tí rọ́bà bá wà lára rẹ̀ fún oṣù kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kòkòrò á wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Bí ibà tàbí ìrora kò bá sí, a kì í fún un lóògùn, àfi aboyún àti ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀.

Àtakò tó ṣòro jù ni pé rọ́bà ń dín iṣẹ́ kù fún nọ́ọ̀sì àti ẹbí. Ta ló fẹ́ máa pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní òru? Àwọn kan nílò rẹ̀ lóòótọ́, bí ọkùnrin tí ìtọ̀ dí mọ́ nínú, tàbí ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọn ìtọ̀ rẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Fún àwọn yòókù, abọ́ ìtọ̀ àti ìlédìí àgbàlagbà wà. Níbi tí wọ́n ti ń rán dókítà létí lójoojúmọ́ pé rọ́bà ṣì wà lára aláìsàn, àkóràn náà ti dín kù tó ìdajì. Ẹbí náà lè rán wọn létí láàárọ̀, kí owó oògùn tó jáde: “Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ṣé rọ́bà yìí kò tíì tó yọ?”