Olú Tó Jẹ Àgọ́ Sójà: Bí Igi Ṣe Ń Di Epo Mọ́tò

Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí bẹntiróòlù, lítà kan sì fò láti nǹkan bí 190 náírà kọjá 500. Láti ìgbà náà, tí awakọ̀ méjì bá pàdé nílé epo l'Ókè-Àdó n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ owó epo ló máa ń gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀, nínú ìlú kan náà, ní àwọn sọ́míìlì tí wọ́n ti ń la pákó ní Bódìjà, wọ́n ń dáná sun òkìtì ìyẹ̀fun pákó kí àyè lè ṣí. Ìyẹ̀fun náà ṣeé sọ di epo mọ́tò. Àwọn tó la ọ̀nà rẹ̀ kò sì wá epo rárá: àgọ́ tó ń jẹrà ni wọ́n ń wá oògùn fún.

Epo tí à ń wí yìí kò ṣàjèjì. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ni, ohun kan náà tó ń pani nínú ògógóró. Ìwúkàrà ló ń jẹ ṣúgà inú ẹmu, tó ń sọ ọ́ di ẹ́tánọ́ọ̀lù. Tí wọ́n bá sè é, tí wọ́n gba ooru rẹ̀, ó di ògógóró. Tí wọ́n bá yọ omi ara rẹ̀ tán, ó ṣeé dà pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù. Igi náà ní ṣúgà, àmọ́ ṣúgà ọ̀hún so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn gígùn tí à ń pè ní sẹ́lúlóòsì. Lígínì, èròjà tó ń mú kí igi le, tún wá dì í yí ká. Ìwúkàrà kò lè já okùn náà.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Henri Braconnot, fi ásíìdì já a ní 1819. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà yìí sọ ìyẹ̀fun pákó di ọtí. Ṣùgbọ́n ásíìdì ń jẹ irin ẹ̀rọ, ó sì ń ba lára ṣúgà náà jẹ́.

Ogun Kejì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Lásìkò tí àwọn sójà tiwa ń jà nínú igbó Bọ́mà, àwọn sójà Amẹ́ríkà wà ní erékùṣù Solomon, nínú òjò àti ooru. Àgọ́ wọn tí wọ́n fi òwú hun ń jẹrà kánkán; sẹ́lúlóòsì ni òwú náà. Ìjọba wọn kó àwọn onímọ̀ jọ láti wá ohun tó ń jẹ ẹ́. Lára ohun tí wọ́n rí ni ìran olú wínníwínní kan, irú èyí tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Ní ilé ìwádìí àwọn ológun tó padà fìdí kalẹ̀ sí Natick, ní Massachusetts, Elwyn Reese àti Mary Mandels fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí rẹ̀. Ní 1977 ni wọ́n fi orúkọ Reese sọ ọ́: Trichoderma reesei.

Olú náà kò ní ẹnu. Ńṣe ló ń tú énsáìmù síta, tí ìyẹn á sì da oúnjẹ kó tó wọnú rẹ̀. Énsáìmù ọ̀hún kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn kan ń gé okùn sẹ́lúlóòsì láàárín, àwọn mìíràn ń já a láti etí ní méjìméjì, òmíràn á wá pín méjì náà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni ìwúkàrà tó rí nǹkan jẹ.

Ní 1973, àwọn Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà. Ọ̀wọ́n epo tó tẹ̀lé e rọ̀jò owó sí Nàìjíríà. Òun kan náà ló sọ olú tí wọ́n ń lé lára àgọ́ di ohun tí wọ́n ń sìn. Wọ́n fi ìtànṣán àti kẹ́míkà yí ìran rẹ̀ padà, títí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Rutgers fi gbé RUT-C30 jáde ní 1979, èyí tó ń tú énsáìmù ju ìran tó ti wá lọ fíìfíì.

Owó ló wá ku. DuPont, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Amẹ́ríkà, ná ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ sórí ilé iṣẹ́ kan ní Iowa tó ń fi pòròpórò àgbàdo ṣe ẹ́tánọ́ọ̀lù. Wọ́n ṣí i ní 2015; ní 2017 wọ́n kéde pé àwọn ń jáwọ́. Kíkó pòròpórò jọ, títú lígínì àti owó énsáìmù ló ń gbé irú iṣẹ́ yìí ṣubú. Énsáìmù fúnra rẹ̀ kò jókòó: wọ́n ń fi fọ jíǹsì kí àwọ̀ rẹ̀ lè ṣí, ó sì wọ inú ọṣẹ ìfọṣọ.

Ìlànà tí ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní 2007 ní kí á máa da ẹ́tánọ́ọ̀lù ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ bẹntiróòlù. Ẹ̀gẹ́ àti ìrèké ni wọ́n gbójú lé. Ẹni tó ń ra gààrì mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí: mọ́tò àti ikùn yóò jọ máa du ẹ̀gẹ́ kan náà. Ìyẹ̀fun pákó kò dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Wàhálà tirẹ̀ ni pé onírúurú igi ló dà pọ̀ sínú rẹ̀, ohun tó sì mú kí ikán máa sá fún ìrókò lè dí énsáìmù náà lọ́wọ́.

Ìbàdàn kò ṣaláìní onímọ̀. Ilé ìwádìí nípa igbó ti wà ní Jẹ́ríkò láti 1954, Yunifásítì Ìbàdàn sì wà nítòsí. Olú tó ń jẹ igi pọ̀ nínú igbó wa: àwọn ikán tó ń mọ ọ̀gán ń gbin tiwọn sínú ilé, kó lè bá wọn da igi, òun náà là ń tu jẹ lásìkò òjò. Nítorí náà, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá bíi ti Iowa ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Énsáìmù ni ká kọ́kọ́ máa ṣe. Ó ní oníbàárà tirẹ̀ lọ́dọ̀ aláṣọ àti ọlọ́ṣẹ. Ó lè bọ́ ara rẹ̀ kí epo tó dé.