Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ẹ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì?

Bí Facebook bá lé ẹnì kan kúrò lórí ìkànnì wọn, ohun àkọ́kọ́ tá a máa ń gbọ́ ni pé, "Òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ dà?" Ní Amẹ́ríkà níbí, ìyẹn ò ràn án. Àtúnṣe àkọ́kọ́ sí ìwé òfin ilẹ̀ yìí, ti ọdún 1791, ìjọba ló dè lọ́wọ́, kò de ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ti Nàìjíríà yàtọ̀: ìjọba fúnra rẹ̀ ló ti Twitter pa ní oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ìdí nìyẹn tí ilé-ẹjọ́ ECOWAS fi lè dá ìjọba lẹ́bi ní oṣù keje ọdún náà.

Ọ̀nà míì tí èèyàn lè gbà ni òfin tó ka ẹlẹ́yàmẹ̀yà léèwọ̀. Òfin ọdún 1964 sọ pé òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti sinimá ò gbọdọ̀ lé oníbàárà nítorí àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí ìlú tó ti wá. Ní ọdún 2003, Mùsùlùmí kan pe AOL lẹ́jọ́ ní Virginia, nítorí pé àwọn kan ń bú ẹ̀sìn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tàkurọ̀sọ lórí AOL. Adájọ́ ní ibẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀, òfin náà ò dé ibẹ̀. Ó tún ní Section 230, òfin ọdún 1996, ò jẹ́ kí wọ́n di ẹrù ohun tí oníbàárà kọ ru ilé-iṣẹ́.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Roommates.com máa ń bá èèyàn wá ẹni tí wọ́n á jọ gbélé, ó sì kàn án nípá fún oníbàárà láti sọ bóyá ó bímọ, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ní ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ ní ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ bi ìbéèrè ò lè sá sẹ́yìn Section 230. (Wọ́n padà jàre ní ọdún 2012, torí òfin ilé ò kan yíyan ẹni tá a jọ ń gbé. Èmi ò bá wọn jà: ta ló fẹ́ kí ìjọba bá òun yan ẹni tí wọ́n á jọ máa lo balùwẹ̀?)

Ti Facebook le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ilé gbígbé fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń polówó ilé yọ àwọn òbí àtàwọn tí wọ́n bí sílẹ̀ òkèèrè kúrò lára àwọn tó máa rí ìpolówó náà. Ní ọdún 2022, wọ́n gbà láti san owó ìtanràn $115,054, èyí tó pọ̀ jù lọ tí òfin ilé ọdún 1968 fàyè gbà. Ẹni tí wọ́n lé kúrò lórí ìkànnì á mọ̀. Àwọn òbí wa tó ń wá ilé, tí wọn ò fi ìpolówó hàn, wọn ò lè mọ̀ láé pé ilé kankan wà níbẹ̀.