Ààfin Olókun àti Ẹsẹ̀ Ọmọ Ènìyàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òwe lásán ní Molutehin, ìlú apẹja létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Níbẹ̀, orí òpó igi ni ilé dúró lé, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ ará ìlú, àwọ̀n sì ni ọkọ́ wọn. Nínú odò àti ọ̀sà, ọ̀pá ni atukọ̀ fi ń wọn omi; bí ọ̀pá bá kan ẹrẹ̀, ó mọ ibi tí òun wà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kọjá sínú agbami, tí ọ̀pá kò kan ohunkóhun mọ́, ibẹ̀ ni agbára ènìyàn pin, tí ti Olókun bẹ̀rẹ̀.

Olókun ni ọba ibú, Malokun ni àwọn Ìlàjẹ a máa pè é. Ìtàn sọ pé ó pe Olódùmarè níjà nígbà kan pé kí àwọn fi aṣọ figagbága. Alágẹmọ ni Olódùmarè rán sí i. Aṣọ yòówù tí Olókun bá wọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ni ara Alágẹmọ ń dà, títí Olókun fi túúbá. Ìtàn náà fi yé ni pé ọlá ibú pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí ó jù ú lọ.

Ǹjẹ́ ọmọ ènìyàn ti dé ààfin náà bí? Ó ti dé e. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1960, Jacques Piccard, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, àti Don Walsh, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, wọ inú ọkọ̀ abẹ́ omi Trieste, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun Mariana nínú òkun Pàsífíìkì. Ibẹ̀ jìn tó nǹkan bí kìlómítà 11. Bí a bá gbé òkè Everest sínú rẹ̀, omi yóò bo orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí wákàtí 5 kí wọ́n tó kanlẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 péré ni wọ́n sì lò níbẹ̀. James Cameron nìkan ló dá lọ ní ọdún 2012. Ní ọdún 2020, Kathryn Sullivan di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó débẹ̀.

Ohun tí ó mú kí ìrìn náà le ni ìwúwo omi. Ní gbogbo mítà 10 tí ènìyàn bá sọ̀, ìwúwo tí ó tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ orí wa tún gun orí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ Mariana, ó ju ìlọ́po 1,000 lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìwúwo yìí fọ́ ọkọ̀ Titan túútúú, ènìyàn 5 sì kú.

Kò yẹ kí a rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé lójú òkun Escravos, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìlàjẹ. Nínú ènìyàn 12, Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, nìkan ló yè. Ó lo nǹkan bí wákàtí 60 nínú òkùnkùn, ní nǹkan bí mítà 30 sísàlẹ̀, nínú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó há sínú yàrá. Àwọn òmùwẹ̀ tí ó wá gbé òkú ni ó bá a láàyè. Wọn kò fà á jáde lójijì, nítorí afẹ́fẹ́ tí omi ti tẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ìbá hó, ìbá sì pa á. Yàrá irin ni wọ́n fi sí, tí ara rẹ̀ fi dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀. Sùúrù ni a fi ń wọ ibú, sùúrù náà ni a fi ń jáde.

Ibú kan tún wà tí ó kan Molutehin gbọ̀ngbọ̀n. Ní iwájú etíkun Ìlàjẹ, àfonífojì jíjìn kan wà lábẹ́ òkun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àfonífojì Mahin. Òmíràn, tí a ń pè ní Avon, wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti kọ ọ́ pé inú Avon ni púpọ̀ nínú iyanrìn tí omi ń wọ́ bọ̀ láti ìhà Èkó ń dà sí. Ìdí nìyí tí etíkun Ìlàjẹ fi jẹ́ ẹrẹ̀, tí kò sì ní iyanrìn tí yóò gba ìgbì dúró. Omi òkun sì tún ń ga sí i káàkiri ayé. Ní Molutehin àti Ayétòrò, òkun ti gba ilé àti ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín.

Nítorí náà, àṣà kò lòdì sí kí a mọ ìsàlẹ̀ òkun. Ìwọ̀sí ni ó lòdì sí. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́nu ibú ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ibú ń ṣe. Kí àwọn àgbà máa kọ́ ọmọ ní ìbọ̀wọ̀ fún omi, kí àwọn olùkọ́ máa kọ́ wọn ní ìmọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ Molutehin bá di ẹni tí ń wọn àfonífojì Mahin lọ́la, ọ̀pá baba rẹ̀ náà ni ó gùn sí i.