Adójútòfò Ìlera àti Ojú Wa

 

Ọ̀rọ̀ ojú la mú wá lóṣù yìí. Ó ti ń pọ̀ jù kí ọlọ́jà máa gbé owó sún mọ́ imú kó tó mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni àbí ẹgbẹ̀rún. Èyí tó dùn wá jù ni pé àwọn kan nínú wa ti forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera, síbẹ̀ owó ọjà ni wọ́n fi ń tọ́jú ojú, torí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Adójútòfò kì í ṣe àjọ. Nínú àjọ, ohun tí o dá lo máa kó. Tiwọn yìí dà bí owó tí à ń dá fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀: gbogbo wa san, ẹni tó bá kàn ló gbà á. OYSHIA ló ń bójú tó o ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òfin àpapọ̀ ti 2022 sì ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà nínú ètò adójútòfò, àti ọlọ́jà àti òṣìṣẹ́ ìjọba.

Tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, ẹ ó mú ilé ìwòsàn kan. Ibẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ lọ, ìbáà ṣe ojú, ìbáà ṣe ibà. Bí agbára wọn ò bá ká a, wọn á kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọn á sì gba nọ́ńbà àṣẹ fún un. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Ìgbẹ́tì tààrà lọ sí UCH n'Íbàdàn láìgba ìwé yẹn, tí kì í sì í ṣe pàjáwìrì, àpò ara rẹ̀ ni yóò fi san án. Ibi tí wàhálà pọ̀ sí gan-an nìyẹn.

Ẹ tún béèrè nípa awò ojú. Òfin àtijọ́ ti 1999 yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń san. Ti 2022 ti rọ́pò òfin yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí káàdì tiyín gbé fún yín, pàápàá bóyá iṣẹ́ abẹ ojú wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí a fi ń kán yín lójú? Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní glaucoma. Kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ ìríran wọlé díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti jẹ kì í padà mọ́. Oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ kàn lè dá ìyókù dúró ni. Ti ohun funfun tó ń bo ọmọlójú yàtọ̀: dókítà á yọ ọ́, á fi lẹ́ńsì kékeré rọ́pò rẹ̀ nínú ẹyinjú, ọ̀pọ̀ á sì tún ríran.

Àwọn alárìnkiri tó ń fi abẹ́rẹ́ gún ojú ńkọ́? Ẹ sá fún wọn o! Wọn kì í yọ ohun funfun náà, ńṣe ni wọ́n ń tì í sínú. Èèyàn á ríran díẹ̀, inú ẹ̀ á dùn, lẹ́yìn náà ojú lè fọ́ pátápátá.

Ẹni tó bá ti ní káàdì, kó mú un dání wá sípàdé. A ó bá a ka orúkọ ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ sí i.